Ọlọ́run Tí Ń Bá Ayé Rìn

Kò sí ilé ọ̀fọ̀ kan ní ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire tí a ti ń tu òbí ọmọ nínú tí a kì í gbọ́ ọ níbẹ̀ pé Ọlọ́run tí ó fúnni ni ó gbà padà, àti pé a kì í bi Ọba Òkè léèrè ohun tí ó fi ohun-ìní rẹ̀ ṣe. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò ní ibi lọ́kàn. Ìtùnú ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ láti gbé ẹrù tí ì bá tẹ̀ wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó jókòó sórí ẹní, tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu àlejò kan dé ẹnu àlejò mìíràn, kò ní ṣàìbi ara rẹ̀ léèrè lóru, nígbà tí ilé bá dákẹ́, pé ṣé Ọlọ́run tí òun ń sìn láti kékeré, tí òun ń pè ní Baba, ni ó na ọwọ́ já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ òun. Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi, n kò sì rí ìdí tí a ó fi máa sọ fún ẹni tí ó bi í pé kí ó dákẹ́. Òun gan-an ni ilẹ̀kùn tí mo bá wọ inú ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń pè ní process theology, tí èmi yóò máa pè ní ẹ̀kọ́ Abáyérìn, nítorí pé Ọlọ́run tí ó ń sọ nípa rẹ̀ kì í jókòó sí òkè réré kí ó máa pàṣẹ: ó ń bá ayé rìn ni, ó ń bá a jìyà, ó ń bá a yọ̀, ó sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ pe ohun gbogbo tí ń bẹ láyé síbi tí ó sàn ju ibi tí wọ́n wà lọ.

Alfred North Whitehead ni ó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà lélẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìlú Ramsgate létí òkun ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1861, àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà sì ni baba rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò ni ó kọ́kọ́ fi lókìkí, nítorí òun àti Bertrand Russell, tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí, ni wọ́n jọ kọ ìwé ńlá alápá mẹ́ta nì, Principia Mathematica, tí ó jáde láàárín ọdún 1910 sí 1913. Ogun Àgbáyé Kìíní dé, ó sì mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Eric, lọ, ẹni tí ó wà nínú ọmọ-ogun òfuurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì pa lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹta ọdún 1918. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Whitehead kọ orúkọ ọmọ náà sí iwájú ìwé kan tí ó ṣe nípa ìmọ̀ ìṣẹ̀dá, kí ó lè jẹ́ ìrántí fún un. N kò ní sọ pé ikú yìí nìkan ni ó bí ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí odò ńlá kì í ti orísun kan ṣoṣo wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ohun tí ó kọ lẹ́yìn náà nípa Ọlọ́run tí ń bá ẹ̀dá jìyà, tí ó sì mọ̀ pé baba tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ni ó kọ ọ́, kò ní lè kà á bí ẹni tí ń ka ìṣirò.

Ọdún 1924 ni ó kọjá sí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ní ẹni ọdún 63, ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá ibi tí wọn yóò fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ ni ó sì ti fi gbogbo ara bọ́ sínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa bí ayé ti rí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n pè é kí ó wá sọ ní Edinburgh ní ọdún 1927 sí 1928, lábẹ́ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Gifford, ni ó sọ di ìwé Process and Reality, tí ó jáde ní ọdún 1929. Ìwé náà le púpọ̀. Àwọn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kà á ṣì ń jiyàn lórí ìtumọ̀ ojú-ewé kan náà. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ fà yọ.

Ohun tí Whitehead kọ́kọ́ wí ni pé a ti ṣi ayé wò. A rò pé ohun tí ó dúró gbọin-gbọin ni a fi dá ayé, òkúta, igi, ara ènìyàn àti ọkàn ènìyàn, tí ìyípadà sì kàn ń gba orí wọn kọjá. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ìṣẹ̀lẹ̀ ni a fi dá ayé, láti orí ohun tí ó kéré jù lọ tí ojú kò lè rí títí dé orí èrò tí ń gba ọkàn òǹkàwé kọjá ní ìṣẹ́jú yìí. Olúkúlùkù wọn ń bí, ó ń dàgbà, ó ń pinnu ohun tí yóò dà, ó sì ń kọjá lọ kí òmíràn lè jogún rẹ̀. Àwa tí a ń pa á lówe pé odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn kò gbọdọ̀ rí èyí bí ohun àjèjì. Heraclitus ará Efesu ti sọ irú rẹ̀ fún àwọn Gíríìkì ní nǹkan bí 500 ọdún kí a tó bí Jésù. Ibi tí Whitehead ti kọjá ti àwọn àgbà ni bí ó ti ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àná ni ó kọ́kọ́ ń wọlé: gbogbo ohun tí ó ti ṣẹ̀ rí, rere àti búburú, ni ó ń fi ara rẹ̀ lé ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun lọ́wọ́ bí ogún, kò sì sí ẹ̀dá tí ó lè sọ pé òun kò jogún. Bí ó bá jẹ́ àná nìkan ni ó wà, ayé ì bá máa tún ara rẹ̀ ṣe ni láìsí ohun tuntun kan. Nítorí náà, pẹ̀lú ogún yìí, ìpè kan ń wá láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, èyí tí ń fi ohun tí ó dára jù lọ tí ó lè ṣeé ṣe ní ibi yìí, ní àkókò yìí, han ẹ̀dá náà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀dá fúnra rẹ̀ yóò pinnu. Ó lè jẹ́ ìpè náà tán pátápátá, ó lè jẹ́ ẹ díẹ̀, ó sì lè kọ ẹ̀yìn sí i. Ohunkóhun tí ó bá pinnu ni yóò di ogún fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ohun tí mo lè fi wé e ni ti onílù dùndún àti oníjó. Ìyáàlù a máa fọhùn, a máa fi orúkọ àti oríkì pe oníjó, a máa tọ́ ọ síhìn-ín, a máa tọ́ ọ sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí onílù tí ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ oníjó sókè. Bí oníjó bá kọ etí ikún sí ìlù, ijó a bàjẹ́, kì í sì í ṣe pé onílù kò mọ̀ ọ́n lù. Ẹni tí ó bá ti dúró ti agbo ijó rí mọ̀ pé onílù tí ó gbówọ́ kì í lu ohun tí ó ti pinnu láti ilé nìkan: ojú rẹ̀ ń bẹ lára ẹsẹ̀ oníjó, bí ẹsẹ̀ bá sì ti ṣì, a tún ìlù rẹ̀ tò láti inú àṣìṣe náà gan-an, títí àṣìṣe yóò fi di ara ijó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ Abáyérìn ti rí Ọlọ́run. Kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni, kò sì tíì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìpè é. Àwọn àgbà ní kì í tán nígbá osùn kí a má rí fi pa ọmọ lára, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ibi tí ẹ̀dá lè bàjẹ́ dé tí Ọlọ́run kò ní rí ohun rere kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí yóò fi pè é níbẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ pé Ọlọ́run ní ìhà méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ìhà kan kì í yí padà láéláé: ìfẹ́ rẹ̀, òdodo rẹ̀, àti ìṣúra gbogbo ohun tí ó lè ṣeé ṣe, èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ayé yìí tó wà. Ìhà kejì ni èyí tí ó fi ń gba ayé sínú ara rẹ̀; ẹkún ọmọdé, ayọ̀ ìyàwó tuntun, ìrora ẹran tí pàkúté mú, gbogbo rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ìròyìn ni ó ń gbọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí ó bá sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí kì í sọnù mọ́. Whitehead kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n lórí ọ̀nà tí ìjọ Kristi gbà yà kúrò ní ojú yìí: ó ní nígbà tí àwọn alágbára Róòmù gba ẹ̀sìn náà, ìjọ mú ohun tí í ṣe ti Késárì nìkan, ó fi wọ Ọlọ́run, àwòrán Ará Gálílì tí ó fi ìfẹ́ ṣe ohun gbogbo sì wọ abẹ́ ìtẹ́ ọba lọ. Ẹ̀sùn ńlá ni. Bí mo bá wo iye ìgbà tí a ti fi orúkọ Ọlọ́run gbé idà, tí a sì ti fi lé ọmọlúwàbí jáde kúrò nílé, n kò lè sọ pé irọ́ ni ó pa.

Charles Hartshorne ni ó sọ ẹ̀kọ́ náà di ohun tí àwọn onígbàgbọ́ lè gbé lọ́wọ́. Ọdún 1897 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ó ran Whitehead lọ́wọ́ ní Harvard, ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Chicago, lẹ́yìn náà ní Atlanta àti ní Texas, ó sì pé ẹni ọdún 103 kí ó tó kú ní ọdún 2000. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé ẹni tí ohunkóhun kò lè dùn, tí ohunkóhun kò sì lè mú inú rẹ̀ dùn, a kò lè sọ pé ó fẹ́ràn ẹnikẹ́ni; bí a bá pe Ọlọ́run ní ìfẹ́, a ti gbà pé ohun tí a bá ṣe ń kàn án lára. Ọkùnrin yìí kan náà fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ orin ẹyẹ káàkiri ayé, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1973, níbi tí ó ti jiyàn pé àwọn ẹyẹ kan ń pa orin wọn dà kí ó má baà sú wọn, nítorí pé orin dùn mọ́ wọn. Ìwé ẹyẹ yìí kò jìnnà sí ìwé Ọlọ́run tí ó kọ: lójú rẹ̀, kò sí ẹ̀dá kan, bí ó ti wù kí ó kéré, tí kò ní ìmọ̀lára tirẹ̀ tí ó ń gbé lọ bá Ẹlẹ́dàá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Hartshorne ni John Cobb, ọmọ àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí sí Kobe ní ilẹ̀ Jàpáánù ní ọdún 1925. Ìgbàgbọ́ tí ó mú wọ Yunifásítì Chicago mì tìtì níbẹ̀, ẹ̀kọ́ yìí ni ó sì fi rí ọ̀nà padà. Òun àti David Ray Griffin ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní Claremont, ní California, ní ọdún 1973, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká, títí tí Cobb fi kú ní òpin ọdún 2024, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó pé 100 ọdún.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ̀kọ́ yìí kò sì dúró sọ́dọ̀ àwọn Kristẹni nìkan. Láàárín àwọn Júù, Abraham Joshua Heschel, ọmọ Warsaw tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìjọba Hitler ṣùgbọ́n tí ìyá rẹ̀ àti àwọn kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò bọ́, kọ ìwé lórí àwọn wòlíì ní ọdún 1962. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Whitehead, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn pàdé: ó fi hàn pé Ọlọ́run tí Hóséà àti Jeremáyà mọ̀ kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé kò kàn, pé ìnilára tálákà a máa dùn ún dé egungun. Ọkùnrin náà kò fi í mọ ní ìwé. Ó bá Martin Luther King rìn ní Selma ní ọdún 1965. Rábì mìíràn, Harold Kushner, sì rí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí àìsàn kan sọ di arúgbó láti kékeré, tí ó sì kú ní ọmọ ọdún 14. Ìwé tí ó kọ ní ọdún 1981 láti dáhùn ìbéèrè àwọn tí ibi bá láìṣẹ̀ tà kárí ayé, ohun tí ó sì sọ níbẹ̀ kò ju èyí lọ: Ọlọ́run kọ́ ni ó rán àìsàn náà, Ọlọ́run ni ó dúró ti òun àti ìyàwó òun nígbà tí ó dé.

Àwọn Mùsùlùmí ilé wa yóò rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè bá tiwọn mu, nítorí pé kádàrá jẹ́ òpó nínú ìgbàgbọ́ wọn. Kí wọ́n gbọ́ ohun tí Muhammad Iqbal sọ. Akéwì ńlá ni, amòfin sì ni, ọmọ Sialkot tí wọ́n bí ní ọdún 1877, tí ó kàwé ní Cambridge àti ní Munich, tí ó sì kú ní Lahore ní ọdún 1938. Àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ní Íńdíà, tí ó kó jọ sínú ìwé ní ọdún 1930 lórí bí a ó ṣe tún èrò ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbé kalẹ̀, fi hàn pé ó ti ka Whitehead dáadáa, ṣùgbọ́n Kùránì ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Ó wo ọ̀rọ̀ inú Súúrà Ar-Rahman pé ojoojúmọ́ ni Ọlọ́run ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì rí i pé ayé tí iṣẹ́ kò tíì tán lórí rẹ̀ ni a wà. Kádàrá, lójú rẹ̀, kì í ṣe ìdájọ́ tí a ti kọ sílẹ̀ tí a ó wá fi ipá mú ṣẹ lórí ẹ̀dá. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ni, gbogbo ohun tí ó lè dà, tí yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀ bí ó bá ti ń gbé ayé. Kò sì sí Mùsùlùmí Yorùbá kan tí kò tíì gbọ́ wáàsí lórí ọ̀rọ̀ inú Súúrà Ar-Ra'd, pé Ọlọ́run kì í yí ipò àwọn ènìyàn kan padà títí wọn yóò fi yí ohun tí ń bẹ nínú ara wọn padà. Iqbal gbé ẹsẹ náà dání, ó sì jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó ń sọ gan-an: ènìyàn jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ Ẹlẹ́dàá. Ibì kan ni ó ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ó sì yẹ kí a kíyè sí i: àwọn wọ̀nyẹn sọ pé ìṣẹ̀dá gan-an ni ó rí bẹ́ẹ̀ tí Ọlọ́run kì í fi ipá mú ẹ̀dá, ṣùgbọ́n Iqbal sọ pé Ọlọ́run Alágbára Jùlọ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ̀ǹda àyè fún ẹ̀dá, láti inú òmìnira tirẹ̀. Èmi rò pé ọ̀nà tirẹ̀ yóò rọrùn fún púpọ̀ nínú wa láti gbà.

Ti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Láti àtètèkọ́ṣe ẹ̀sìn wọn ni wọ́n ti ń kọ́ni pé kò sí ohun kan tí ó dá dúró, pé nítorí èyí wà ni ìyẹn fi wà, nígbà tí èyí bá sì kọjá lọ ìyẹn náà yóò kọjá. Cobb bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún pípẹ́, ní pàtàkì Masao Abe ará Jàpáánù, ó sì kọ ìwé ní ọdún 1982 láti sọ pé bí ẹlẹ́sìn méjì bá jọ sọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò, kò yẹ kí èyíkéyìí nínú wọn padà sílé bí ó ti wá. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan tán, nítorí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kò sọ pé Ẹnì kan wà tí ń pe ẹ̀dá sí rere.

Ilé ni mo fẹ́ bọ̀ báyìí, nítorí mo gbà pé àwọn baba wa mọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí Whitehead. Ẹ jẹ́ kí a rántí ìtàn ìṣẹ̀dá bí Ifẹ̀ ti ń sọ ọ́. Omi ni ó wà nísàlẹ̀. Olódùmarè, Ọ̀yígíyigì Ọba àìkú, tí a ì bá rò pé yóò fi ẹnu kan ṣoṣo pàṣẹ kí ilẹ̀ yọ, gbé iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó fún Ọbàtálá ní àpò ìwà. Ọbàtálá mu ẹmu lójú ọ̀nà, ó sùn. Odùduwà gbé àpò náà, ó rọ̀ sílẹ̀, ó da erùpẹ̀ sórí omi, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì ń tàn án títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Ẹ wo bí ọwọ́ tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí ti pọ̀ tó, tí adìẹ pàápàá fi ní ipa tirẹ̀! Ẹ sì wò ó pé àṣìṣe wọ inú rẹ̀, Olódùmarè kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ pa iṣẹ́ náà rẹ́. Láti inú àṣìṣe ni ọ̀nà mìíràn ti là. Bákan náà ni ti orí. Olúkúlùkù ni ó lọ yan orí tirẹ̀ lọ́dọ̀ Àjàlá, ohun tí ènìyàn sì kúnlẹ̀ yàn ni àdáyé bá, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò dúró síbẹ̀, wọ́n ní orí nìkan kò tó láìsí ẹsẹ̀ tí yóò gbé e rìn, wọ́n ní ẹbọ a máa tún ohun tí ó bá wọ́ ṣe, wọ́n sì fi ìwà lé orí gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Yorùbá gbà pé ohun gbogbo ti parí láti ọ̀run kò tíì gbọ́ àgbọ́yé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962, tẹnu mọ́ ipò ọba, ipò adájọ́ àti agbára tí kò ní ìdíwọ̀n, oríkì tí a sì ń ki Olódùmarè, Aṣèkanmákù, Àwámáàrídìí, jẹ́rìí sí i. Kábíyèsí ni a ń pè é. Ṣùgbọ́n irú ọba wo ni àwa mọ̀? Aláàfin tí a ń kí pé Ikú Bàbá Yèyé kò dá ìlú ṣe. Ọ̀yọ́ Mèsì wà níbẹ̀, Baṣọ̀run ni olórí wọn, àwọn Ògbóni sì wà, láyé àtijọ́, bí wọ́n bá kọ ọba nítorí ìwà ìkà, ọba náà kì í ṣe é mọ́. Ọba tí ń gbọ́, tí ń gbìmọ̀, tí ọ̀rọ̀ ìlú ń kàn lára, ni ọba Yorùbá, kì í ṣe Késárì. Nígbà tí àwa bá kúnlẹ̀ tí a pe Ọlọ́run ní Ọba, a kò ní láti gbé ọba Róòmù wá sójú. Inú mi dùn láti rí i pé ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí wa: Monica Coleman, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ àlùfáà, tí ó sì kàwé gboyè ní Claremont, fi ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá àti ẹ̀sìn tí ó ti ilẹ̀ Yorùbá wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2008, láti ṣàlàyé bí òkú ọ̀run ṣe ń bá alààyè ṣe.

Àwọn tí ń ta ko ẹ̀kọ́ Abáyérìn ní ohun kan tí ó wúwo láti sọ. Wọ́n ń béèrè pé bí Ọlọ́run kò bá lè fi ipá dá ìkà dúró, ta ni yóò fi wá lọ́kàn balẹ̀ pé rere ni yóò borí nígbẹ̀yìn? Griffin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn pé agbára tí ń yí ọkàn padà ju agbára tí ń ṣẹ́ apá lọ, pé gbogbo ìtàn ayé, láti ìgbà tí kò tíì sí ohun alààyè títí dé orí ènìyàn tí ó lè mọ ojú àánú, ni ẹ̀rí ohun tí ìpè pẹ̀lẹ́ lè ṣe bí ó bá pẹ́. Ìdáhùn tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kò tán ìṣòro náà, èmi kò sì ní díbọ́n pé ó tán an. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀kọ́ yìí ti fi ìdánilójú kan sílẹ̀. Ohun tí ó rí gbà dípò rẹ̀ ni Ọlọ́run tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kankan lọ́wọ́, lójú tèmi èyí sì ju ìdánilójú lọ.

Níbo wá ni àdúrà wà nínú gbogbo èyí? Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Marjorie Suchocki, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn, kọ ìwé lórí àdúrà ní ọdún 1996, ohun tí ó sì ṣàlàyé nìyí: ayé bí ó ti wà ní ìṣẹ́jú yìí ni Ọlọ́run fi ń ṣiṣẹ́, àdúrà mi jẹ́ ara ayé bí ó ti wà, nítorí náà bí mo bá gbàdúrà, mo ti fi ohun kan kún ohun tí Ọlọ́run ní lọ́wọ́ láti fi ṣiṣẹ́, ohun tí kò sì lè ṣeé ṣe tẹ́lẹ̀ lè di ohun tí ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe pé à ń pa Ọlọ́run lọ́kàn dà, nítorí kò sí ìgbà kan tí kò fẹ́ rere fún wa. Kì í sì í ṣe pé à ń sọ ohun tí kò mọ̀ fún un. Ọwọ́ ni à ń fi kún ọwọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ láti dúró díẹ̀ láàárọ̀, kí ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ tó gbà á lọ́kàn, kí ó wo ohun tí àná fi lé e lọ́wọ́ láìpa irọ́ fún ara rẹ̀: gbèsè, ìjà, ọ̀rẹ́ tí ó ṣe dáadáa, ara tí ń ro. Lẹ́yìn náà kí ó béèrè ohun tí ó dára jù lọ tí ó ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó ṣe kókó, nítorí kì í ṣe ohun tí ó dára jù lọ ní ọ̀run ni Ọlọ́run ń fi pe ènìyàn, bí kò ṣe ohun tí ó dára jù lọ níbi tí ó dúró sí. Láàárín ọmọ bàbá kan náà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ogún ti dà rú mọ́ wọn lójú fún ogún ọdún, ohun tí ó ṣeé ṣe lónìí lè máà ju pé kí ẹ̀gbọ́n kí àbúrò lójú ọ̀nà. Bí ó bá kí i, ọ̀la yóò jogún ìkíni náà, ohun tí ó ju ìkíni lọ yóò sì lè ṣeé ṣe. Bí ó bá kọ̀, Ọlọ́run kò ní bínú pa á. Ìpè mìíràn yóò wá, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn díẹ̀ sí ibi tí èkíní ti wá. Nítorí náà kò sí ìṣẹ́jú kan tí ó jẹ́ yẹpẹrẹ.

Bí ó sì ti rí láàárín ènìyàn ni ó rí láàárín ènìyàn àti ilẹ̀. Cobb kọ ìwé ní ọdún 1972, nígbà tí díẹ̀ ni àwọn àlùfáà tí ń sọ irú rẹ̀, láti béèrè bóyá a kò tíì pẹ́ jù láti dáwọ́ dúró nínú bí a ti ń ba ayé jẹ́, ó sì tún bá Herman Daly, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ òmíràn ní ọdún 1989 lórí ọrọ̀ ajé tí yóò ro ti àwùjọ àti ti ilẹ̀ mọ́ ti owó. Bí igi àti ẹja bá ní ìmọ̀lára tí ń dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ẹni tí ó da epo sínú odò àwọn apẹja ti dà á sórí ohun tí ó kan Ọlọ́run lára.

Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti le jù ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ẹni tí ó gba ẹ̀kọ́ yìí kì í sọ fún aláìsàn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó, kì í sì í sọ pé Ọlọ́run ń dán an wò. Ó gbà pé ara náà ní ìtàn tirẹ̀, ohun tí ó jogún, ohun tí ó jẹ, ohun tí àrùn ti bà jẹ́ nínú rẹ̀, àti pé Ọlọ́run ń bá gbogbo ìyẹn ṣiṣẹ́ sí ìlera títí dé ibi tí ìlera bá lè ṣeé ṣe dé; nígbà mìíràn ibẹ̀ a jìnnà ju ohun tí dókítà rò lọ, nígbà mìíràn kò ní ju àlàáfíà ọkàn lọ kí ẹ̀mí tó bọ́. Yóò gbàdúrà tọkàntọkàn, yóò sọ ohun tí ó ń fẹ́ gan-an láìbò ó. Bí ó bá ti ṣe àmín, yóò dìde lọ wá owó oògùn, yóò gbé omi gbígbóná wá láti fi nu ara aláìsàn náà, yóò sì jókòó tì í.